Ọ̀nà Méjì ni Fáìlì Ń Gbà: Bí A Ṣe Ń Dán Sáfà FTP Wò Lórí IPv6

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn sáfà tí a fi ń gbé fáìlì, nígbà tí oníbàárà bá gba orí IPv6 wá bá a. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Sáfà tó ń ṣiṣẹ́ geerege lórí ètò ádírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, IPv4, lè ti kú ààbọ̀ lórí tuntun, kí àwọn tó ni ín má sì mọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú sáfà bẹ́ẹ̀ wò, ìbòrí yẹn ni kó kọ́kọ́ ká kúrò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ FTP fúnra rẹ̀, torí àgbà ni. Oṣù kẹrin ọdún 1971 ni Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó wà ní MIT ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RFC 114. Íntánẹ́ẹ̀tì bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí kò tíì délé ayé. ARPANET ni wọ́n ń lò. Èyí tí àwọn sáfà ṣì ń tẹ̀lé títí dòní ni RFC 959, tí Jon Postel àti Joyce Reynolds kọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1985. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, ta ló ṣì ń lo FTP? Òótọ́ ni pé Chrome àti Firefox yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn lọ́dún 2021, Debian náà sì ti ìlẹ̀kùn sáfà FTP tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ọgbà, ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ilé ìtẹ̀wé tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ilé iṣẹ́ tó ń fi àkọsílẹ̀ ọjà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka rẹ̀ lóru: FTP ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ń lò, wọn kò sì ní í jáwọ́ lọ́la.

Ohun tó mú FTP yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé ọ̀nà méjì ló ń lò pọ̀. Ẹ wo oníbàárà tó ń bá ẹni tó kó ọjà pamọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orí fóònù ni wọ́n ti ń dúnàádúrà, ṣùgbọ́n ẹrù kò lè gba inú fóònù kọjá. Alábàárù ló máa gbé e gba géètì tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Fóònù yẹn ni mo máa pè ní ọ̀nà ọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Pọ́ọ̀tù 21 ló máa ń wà. Ọ̀nà tí alábàárù gbà ni mo máa pè ní ọ̀nà ẹrù, pọ́ọ̀tù tirẹ̀ sì lè yí padà nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé nǹkan tuntun. Kódà bí ẹ bá kàn ní kí sáfà ka orúkọ àwọn fáìlì tó wà nínú fódà fún yín, ọ̀nà ẹrù ni àwọn orúkọ yẹn ń gbà wá. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, kí sáfà kí i káàbọ̀, kí ó wá béèrè ohun tó wà nílé, kí gbogbo ẹ̀ sì dákẹ́ lọ gbári.

Ta ló ń pinnu géètì? Láyé àtijọ́, oníbàárà ni. Á fi àṣẹ PORT sọ pé, "ibi báyìí ni mo wà, gbé e wá." Nígbà tí ráútà àti firewall wá kún inú ilé, ó di pé àlejò kò lè kan ìlẹ̀kùn oníbàárà mọ́, wọ́n bá yí i sódì: oníbàárà á fi àṣẹ PASV bi sáfà léèrè ibi tí ẹrù wà, òun fúnra rẹ̀ á sì lọ gbé e. Ìdáhùn tí sáfà ń fún un máa ń rí báyìí:

227 Entering Passive Mode (192,0,2,5,195,149)

Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ádírẹ́ẹ̀sì sáfà. Méjì tó kẹ́yìn ni pọ́ọ̀tù: ẹ fi 256 sọ 195 di púpọ̀, ẹ ro 149 mọ́ ọn, ó di 50069. Ẹni tó bá ń tún sáfà ṣe gbọ́dọ̀ lè ṣe ìṣirò yìí láìrójú, torí pọ́ọ̀tù tó bá jáde níbẹ̀ ló máa lọ wá nínú firewall.

Ẹ tún wo ìdáhùn yẹn dáadáa. Ààyè nọ́ńbà mẹ́rin péré ló wà fún ádírẹ́ẹ̀sì, ẹyọ kan kò sì lè ju 255. IPv4 nìkan ló bá a mu. Ádírẹ́ẹ̀sì IPv6 gùn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, 128 bíìtì dípò 32. Kò sí bí ẹ ṣe lè ká a tí á fi wọ ibẹ̀. Àwọn tó kọ FTP kò ṣe àṣìṣe. Irú ádírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni ayé ń lò nígbà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ́ kí ádírẹ́ẹ̀sì wọ inú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tó sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ ẹnu ṣòro láti yí padà.

Kí ló dé tí a kò fi dúró sórí IPv4? Iye ádírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀ kò ju 4,294,967,296 lọ, wọn kò sì tó. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011 ni IANA, àjọ tó ń pín ádírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ayé, pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn àjọ agbègbè. AFRINIC, tó ń pín ti Áfíríkà láti Mauritius, wọ ìpele ìkẹyìn ìpín tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá béèrè kò lè gbà ju 1,024 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lápò yín nínú gbọ̀ngàn yìí kò ṣe ní ádírẹ́ẹ̀sì IPv4 tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pín ẹyọ kan lò. IPv6 tí wọ́n ṣe láti rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Oṣù kejìlá ọdún 1995 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, RFC 1883, èyí tó sì wà lójú ọpọ́n báyìí ni RFC 8200 ti oṣù keje ọdún 2017. Ohun tó pé ọgbọ̀n ọdún, a ṣì ń pè é ní tuntun. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe FTP fún IPv6 náà ti pẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀kan lọ́dún 1993, kò gbilẹ̀. Èyí tó gbilẹ̀ ni RFC 2428 tí Mark Allman, Shawn Ostermann àti Craig Metz kọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Àṣẹ méjì ló mú wá. EPRT rọ́pò PORT: oníbàárà á kọ EPRT |2|2001:db8::7|50069|, èèjì tó ṣáájú ló ń sọ pé IPv6 ni, ká ní IPv4 ni, ení ni ì bá jẹ́. EPSV rọ́pò PASV, òun ló wù mí jù, torí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ìdáhùn tí sáfà ń fún un:

229 Entering Extended Passive Mode (|||50069|)

Láàárín àwọn igi mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, òfìfo ni. Kò sí ádírẹ́ẹ̀sì rárá. Sáfà kàn dárúkọ pọ́ọ̀tù ni, oníbàárà á sì padà lọ sí ádírẹ́ẹ̀sì tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Dípò kí wọ́n wá ọ̀nà láti kọ ádírẹ́ẹ̀sì gígùn, ńṣe ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Àwọn sáfà tó ń sọ ádírẹ́ẹ̀sì inú ilé fún ará òde nígbà tí a bá bi wọ́n ní PASV, tí oníbàárà á wá máa lé 192.168 káàkiri, EPSV ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìtìjú yẹn, kódà lórí IPv4.

Tí àtúnṣe bá ti wà láti 1998, kí ló tún kù tó ń bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n pè mí sí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n yá sáfà kan ní Jámánì, ó ní IPv4, ó ní IPv6, orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí méjèèjì. Àwọn oníbàárà ní Èkó àti Abẹ́òkúta ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó ń wọlé. Bọ̀dá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń gba iṣẹ́ ìwé ètò ìsìn àti káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́ àwọn ará wa níbẹ̀, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lójijì, tirẹ̀ kò lọ mọ́. Sáfà á gba páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó pe ilé, ọmọ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà dán an wò lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ó ń ṣiṣẹ́ níbí o, àfi kẹ́ ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì yín." Bọ̀dá ra ráútà tuntun. Kò yí padà. Wọ́n ní kó gba orúkọ tuntun lórí sáfà. Ìyẹn náà kò ṣe é.

Ọmọ yẹn kò purọ́. Ní ọ́fíìsì wọn, IPv4 nìkan ló wà, nítorí náà ohun tó dán wò kì í ṣe ohun tí bọ̀dá ń lò. Nílé bọ̀dá, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti fún un ní IPv6 láìsọ fún un, ẹ̀rọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan IPv6 ṣáájú bí ó ti yẹ kó ṣe. Lórí sáfà, wọ́n ti ṣí pọ́ọ̀tù 50000 sí 50100 fún ọ̀nà ẹrù nínú firewall IPv4. Nínú firewall IPv6, pọ́ọ̀tù 21 nìkan ni wọ́n ṣí. Lórí Linux, iptables àti ip6tables kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí ẹ kọ sínú ọ̀kan, èkejì kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo nftables lè kọ ìlànà kan fún méjèèjì pọ̀ nínú tábìlì inet, mo sì gba ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìbòrí tí mo sọ níṣàájú ti wọlé. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Happy Eyeballs, RFC 6555 ti oṣù kẹrin ọdún 2012, tí RFC 8305 wá rọ́pò ní oṣù kejìlá ọdún 2017. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí orúkọ kan bá ní ádírẹ́ẹ̀sì méjèèjì, ẹ̀rọ á gbìyànjú IPv6. Bí kò bá tètè jẹ́ ẹ, láàárín ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, á gbìyànjú IPv4 náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló máa lò. Àánú gidi ni fún ẹni tó ń ka ìròyìn lórí fóònù. Fún ẹni tó ń dán sáfà wò, ìfọ́jú ni. Bí IPv6 yín bá ti kú pátápátá, gbogbo ayé á bọ́ sórí IPv4, kò sẹ́ni tó máa pè yín, ẹ ó sì máa sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ ti ní IPv6. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú ààbọ̀, tí ọ̀nà ọ̀rọ̀ là tí ọ̀nà ẹrù dí, Happy Eyeballs kò lè gbà yín sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọlé nìkan ló sáré ìje. IPv6 ti borí nínú ìje yẹn, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ọ̀nà ẹrù gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Oníbàárà kò sì lè padà sórí PASV, torí PASV kò mọ IPv6. Nínú irú iṣẹ́ yìí, èyí tó kú tán sàn ju èyí tó kú ààbọ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ nínú ìdánwò ni ká gba àǹfààní yíyàn lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn curl fún èyí torí kì í fi nǹkan pamọ́. Ẹ lọ síbi tó ní IPv6 gidi, ẹ kọ:

curl -6 -v ftp://ftp.example.com/ --user orukọ

Àmì -6 ló ń sọ pé kó má gba ọ̀nà mìíràn. Bí kò bá rí ọ̀nà IPv6, kó kú síbẹ̀, kí a lè mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi -4 ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀, kí ẹ gbé àbájáde méjèèjì síra. Àmì -v ló ń jẹ́ ká gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ. Ìlà tí àmì > bá ṣáájú, oníbàárà ló sọ ọ́. Èyí tí < bá ṣáájú, sáfà ni. Ní ti ilé ìtẹ̀wé yẹn, ìparí ohun tó jáde nìyí:

< 230 Login successful.
> EPSV
< 229 Entering Extended Passive Mode (|||50069|)

Lẹ́yìn rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́. Ìlà mẹ́ta yìí ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá lè kà á. 230 ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù dára, ẹ má tún yí wọn padà. 229 ní sáfà mọ EPSV, ó sì ti dá pọ́ọ̀tù kan sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e wá ní oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn 50069, a kò dá a lóhùn. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí wọ́n kọ̀ fún èèyàn àti kí wọ́n má dá a lóhùn. Bí curl bá sọ lójú ẹsẹ̀ pé "connection refused", ìkànlẹ̀kùn náà dé ọ̀dọ̀ sáfà, kò kàn sí ẹni tó ń dúró dè é níbẹ̀ ni. Bí ó bá dákẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, firewall kan ló gbé e mì lójú ọ̀nà. Ìdáhùn 522 sí EPRT túmọ̀ sí pé sáfà kò gba irú ádírẹ́ẹ̀sì tí a fún un. Bí ó bá jẹ́ 500 ló sọ nígbà tí a ní EPSV, ẹ wo bóyá sáfà ti dàgbà jù, tàbí bóyá ẹ̀rọ kan wà láàárín tó ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Èyí kejì máa ń wáyé ju bí àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń gbà lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀bi wà, ẹ wọ orí sáfà fúnra rẹ̀, ẹ ṣí tcpdump sílẹ̀ lórí ip6, kí ẹ sì tún ìdánwò ṣe láti òde. Bí ìkànlẹ̀kùn náà kò bá fara hàn níbẹ̀ rárá, ìṣòro wà lójú ọ̀nà, tàbí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó yá yín ní sáfà. Ọ̀pọ̀ wọn ní firewall tiwọn níwájú tiyín, a sì tún máa ń gbàgbé ẹ̀ka IPv6 níbẹ̀ náà. Bí ó bá fara hàn ṣùgbọ́n tí èsì kò jáde, firewall orí sáfà ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ẹ má ṣe dán an wò láti orí sáfà fúnra rẹ̀ lórí ::1, kí ẹ sì ní ó ti dára. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tó bá gba ::1 kọjá kò gba ìlẹ̀kùn òde, ọ̀pọ̀ firewall ni kì í sì dá sí i. Ádírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fe80 náà kò tó ẹ̀rí. Inú ilé nìkan ló mọ, ó sì ń fẹ́ kí ẹ fi orúkọ wáyà tó gbà kún un, bíi fe80::1%eth0, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ kò ní mọ ibi tí ó máa gbà. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ádírẹ́ẹ̀sì IPv6 tààrà sínú ojú ọ̀nà FTP, kó fi àkámọ́ onígun yí i ká, ftp://[2001:db8::5]/, torí àmì : tó wà nínú rẹ̀ á da pọ́ọ̀tù rú mọ́ ẹ̀rọ lójú.

Ìwé àkọsílẹ̀ sáfà náà máa ń tan èèyàn jẹ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣí i, tó rí ::ffff:192.0.2.7, tó sì fò sókè pé, "Ẹ wò ó, àwọn èèyàn ti ń gba IPv6 wá!" Rárá o. IPv4 ni, aṣọ IPv6 ló wọ̀. Nígbà tí sáfà bá fi ihò ìgbọ́rọ̀ kan ṣoṣo gba méjèèjì, báyìí ni Linux ṣe máa ń kọ ádírẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Oníbàárà IPv6 gidi kò ní ffff àti nọ́ńbà alámì-ìdánudúró mẹ́rin lẹ́yìn. Láti mọ ohun tí sáfà ń gbọ́, ẹ lo ss -ltn. Bí ẹ bá rí 0.0.0.0:21, IPv4 nìkan ni. [::]:21, IPv6 nìkan ni. *:21, méjèèjì ni. Ẹni tó ń lo vsftpd, tó sì fi YES sí iwájú listen àti listen_ipv6 pọ̀, sáfà rẹ̀ kò ní dìde. Á sọ fún un pé kó ṣí ẹ̀dà méjì vsftpd, ọ̀kan fún IPv4, ọ̀kan fún IPv6. Lórí Linux, listen_ipv6=YES nìkan tó. Kí ẹ sì fi pasv_min_port àti pasv_max_port dá ààlà pọ́ọ̀tù ọ̀nà ẹrù, torí EPSV náà ń tẹ̀lé e bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ PASV ló wà lára rẹ̀.

Àwọn kan á bi mí pé ṣebí Linux ní ohun kan, nf_conntrack_ftp, tó ń tẹ́tí sí ọ̀nà ọ̀rọ̀, tó ń gbọ́ pọ́ọ̀tù tí wọ́n dá, tó sì ń ṣí i fúnra rẹ̀? Ó wà. Ṣùgbọ́n láti Linux 4.7 kì í dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́, àfi kí ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà. Bí ẹ bá sì ti fi TLS bo ọ̀nà ọ̀rọ̀, bí ó ti yẹ kí ẹ ṣe, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a ti dì, etí aládùúgbò kò lè gbọ́ ọ. Ẹ ṣí ààlà pọ́ọ̀tù náà fúnra yín, nínú ìlànà IPv4 àti ti IPv6, kí ẹ má fi ara ti olùfetísílẹ̀ kankan.

Àìsàn kan tún wà tó jọ ti ilé ìtẹ̀wé yẹn ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ wọlé, ẹ rí orúkọ fáìlì nínú fódà kékeré, ẹ gbé fáìlì bíńtín, ó lọ. Ẹ gbé fáìlì ńlá, tàbí ẹ ṣí fódà tí fáìlì kún inú rẹ̀, ó dúró gbagidi. Pọ́ọ̀tù ṣí, kò sí ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lórí IPv4, ráútà lójú ọ̀nà lè gé ẹrù tó bá tóbi jù sí wẹ́wẹ́. IPv6 kò fàyè gba ìyẹn: ẹni tó fi ránṣẹ́ nìkan ló lè dín in kù. Ráútà tó bá rí ẹrù tó tóbi jù á sọ ọ́ nù, á sì fi ICMPv6 ránṣẹ́ padà pé, "ó tóbi jù, iye báyìí ni mo lè gbà." Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ sáfà ti kọ́ láti ayé IPv4 pé ọ̀tá ni ICMP, wọ́n bá dí gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò wá dé ọ̀dọ̀ olùfiránṣẹ́ mọ́; á máa ju ẹrù ńlá kan náà, ráútà á máa sọ ọ́ nù.

Bí ẹ bá fura sí i, ẹ kọ ping -6 -M do -s 1452 àti orúkọ sáfà. 1452 pẹ̀lú orí ICMPv6 tó jẹ́ 8 àti orí IPv6 tó jẹ́ 40 di 1500, iye tí wáyà Ethernet máa ń gbé. Bí ìyẹn kò bá kọjá, tí 1432 sì kọjá, ó jọ pé ẹ wà lórí ọ̀nà tí wọ́n fi IPv4 gbé IPv6, èyí tí kì í gbà ju 1480 lọ. Wọn kò sì lè sọ fún yín pé ohunkóhun wà ní ìsàlẹ̀ 1280, torí IPv6 fi dandan lé e pé gbogbo ọ̀nà gbọ́dọ̀ gbé iye yẹn. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí ICMPv6 tó ń sọ "ó tóbi jù" kọjá. RFC 4890 ti sọ èyí tó yẹ kí a gbà láàyè, ó sì kọjá èyí nìkan. Ẹni tó bá dí ICMPv6 tán, kò ní rí aládùúgbò rẹ̀ pàápàá lórí wáyà kan náà.

Ọ̀kan tún kù tí mi ò fẹ́ gbàgbé, torí ó máa ń wá ó sì máa ń lọ. Ẹ̀rọ tó wà lórí IPv6 sábà máa ń ní ádírẹ́ẹ̀sì ju ẹyọ kan lọ, ó sì ń pààrọ̀ apá kan wọn lóòrèkóòrè kí àwọn ará òde má lè máa tọpasẹ̀ rẹ̀. RFC 8981 ti oṣù kejì ọdún 2021 ló ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ádírẹ́ẹ̀sì oníbàárà kan ṣoṣo sínú ìwé àwọn tí sáfà gbà láàyè, oníbàárà náà á wọlé lónìí, wọ́n á dá a padà lọ́la. Kí ẹ kọ gbogbo /64, ìyẹn agbègbè ádírẹ́ẹ̀sì tí oníbàárà náà wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà ẹrù bá sì wá láti ádírẹ́ẹ̀sì tó yàtọ̀ sí ti ọ̀nà ọ̀rọ̀, vsftpd á fura pé olè ni, á sọ pé "425 Security: Bad IP connecting." Ẹ má ṣe pa ìfura yẹn. Ẹ wá ìdí tí oníbàárà fi ń jáde láti ìlẹ̀kùn méjì.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lónìí, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn FTP. SFTP ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, pọ́ọ̀tù 22, ọ̀rọ̀ àti ẹrù jọ ń rìn, púpọ̀ nínú ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ kò sì kàn án. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ẹ ti rà kò mọ SFTP, ẹ ò sì ní í sọ ọ́ nù. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹ fún sáfà ní orúkọ méjì lórí DNS: ọ̀kan tó ní ádírẹ́ẹ̀sì IPv4 nìkan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ọ̀kan tó ní IPv6 nìkan fún ìdánwò. Ẹ fi curl -6 dán orúkọ kejì wò láti òde, ẹ ka fódà, ẹ gbé fáìlì ńlá lọ, ẹ gbé òmíràn bọ̀. Ìgbà tí èyí bá kọjá ni kẹ́ ẹ tó kọ ádírẹ́ẹ̀sì IPv6 mọ́ orúkọ tí gbogbo ayé ń lò, kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ sáfà yín sì máa tún ìdánwò -6 àti -4 ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní òru, kí ìkìlọ̀ ọ̀kan má máa bo èkejì.